Bọ́ǹbù Tí Wọ́n Ń Bẹ Ọlọ́run Fún

Ní ọjọ́ ìsinmi kan, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Lálúpọn, wòlíì ní kí gbogbo ìjọ dìde. Ó ti làágùn, sùtánà funfun rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó ní, "Níbikíbi tí àwọn ọ̀tá yín bá kóra jọ sí, kí Ọlọ́run ju bọ́ǹbù átọ́míìkì lé wọn lórí! Bó ṣe rí ní Japan ni kó rí nílé wọn! Kó má ku ẹnì kan! Ẹ fẹsẹ̀ janlẹ̀, kí ẹ wí pé, 'Gbòà!'"

"Gbòà!" ni ìjọ dáhùn. Ilẹ̀ mì tìtì. Àwọn ìyá tí wọ́n máa ń gbé ọbẹ̀ lọ fún aláìsàn, àwọn bàbá tí wọn ò lè pa adìyẹ láìyíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gbogbo wọn ń fẹsẹ̀ janlẹ̀, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Ìyá kan níwájú mi tiẹ̀ ń fi ọwọ́ méjèèjì júwe bí èéfín náà yóò ṣe rú.

Itọ́ kún ẹnu mi. Mo mọ irú itọ́ bẹ́ẹ̀. Òun ló máa ń ṣáájú èébì. Àbúrò mi obìnrin ló dúró tì mí. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní ká máa lọ. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ gbà. Èmi nìkan ni mo jáde.

Aránṣọ ni àbúrò mi yìí tẹ́lẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ó rọ epo òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà sínú sítóòfù, ó fẹ́ gbé ẹ̀wà kaná. Kò mọ̀ pé wọ́n ti po bẹntiróò mọ́ ọn. Bó ṣe ṣáná sí i báyìí, sítóòfù bú gbàmù, iná sì bò ó láti àyà dé ojú.

Èmi ni mo tọ́jú rẹ̀ nílé ìwòsàn n'Ìbàdàn. Òórùn ara èèyàn tó jóná kì í kúrò nímú. Títí dòní, bí mo bá ń kọjá níbi tí wọ́n ti ń sun ẹran, aṣọ ni mo fi ń bo imú. Aṣọ tí àbúrò mi wọ̀ lọ́jọ́ iná náà yọ́ mọ́ ọn láyà. Bí àwọn nọ́ọ̀sì bá fẹ́ pààrọ̀ báńdéèjì, wọ́n á kọ́kọ́ fi omi rin ín, síbẹ̀ awọ á tẹ̀lé e. Àbúrò mi á ki etí ìró mi bọ ẹnu, á fi eyín dì í mú. Lẹ́yìn náà á máa bẹ̀bẹ̀ fún omi. Nígbà tó fi máa sàn, ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀, kò lè di abẹ́rẹ́ mú mọ́.

Olùkọ́ ni èmi, ní ilé-ìwé girama kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Kò pẹ́ tí a kúrò nílé ìwòsàn tí mo ní láti kọ́ àwọn ọmọ nípa Ogun Àgbáyé Kejì. Ohun tí ìwé wa sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: wọ́n ju bọ́ǹbù sí ìlú méjì ní Japan, ogun sì parí. Mo ní kí n wá a sí i lórí fóònù. Mo ka ọ̀rọ̀ àwọn tó yè bọ́. Wọ́n ní àwọn èèyàn na ọwọ́ síwájú bí wọ́n ṣe ń rìn, awọ ń rọ̀ dirodiro ní ìka wọn. Wọ́n ní àwòrán ara aṣọ jó wọ ẹran ara àwọn obìnrin kan. Wọ́n ní omi ni kálukú ń bẹ̀bẹ̀ fún. Àwọn tí iná ò tiẹ̀ kàn, nígbà tó yá irun wọn bẹ̀rẹ̀ sí í re, ẹ̀jẹ̀ ń yọ ní èrìgì wọn, wọ́n sì ń kú. Ọmọ inú oyún gan-an ò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo pa fóònù, mo lọ tutọ́ sẹ́yìn ilé. Ohun tí mo rí lára ẹnì kan ṣoṣo, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ yí mi lórí, ni àwọn kan jókòó tí wọ́n fi ọpọlọ pípé ṣe, tí wọ́n sì dà lé odindi ìlú lórí ní òwúrọ̀ kan. Èyí ni ìjọ wa ń fi ṣe àdúrà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì tí mo jáde nínú ìsìn náà, wòlíì wá sílé wa. Mo gbé ohun mímu fún un. Àbúrò mi jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Màmá," ni wòlíì wí, "wọ́n ní ẹ bínú jáde nínú ìsìn."

"Mi ò bínú, sà. Ìríra ni."

Ó rẹ́rìn-ín. "Àdúrà ni, màmá. Ta ló rí bọ́ǹbù ní Lálúpọn?"

"Ṣé ẹ mọ àwọn tí bọ́ǹbù yẹn bọ́ lé lórí?"

"Ọ̀tá ni wọ́n. Àwọn ọmọ ogun wọn náà ṣìkà fún ará ìlú mìíràn. Ká ní wọn ò jù ú ni, ogun ò ní tètè parí, àwọn tí ìbá kú á pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Mo ka ìyẹn náà, sà. Wọ́n ṣìkà lóòótọ́. Àmọ́ ìkà tí ọmọ ogun ṣe kò sọ ọmọ ọwọ́ di ọmọ ogun. Àwọn ọmọ ilé-ìwé wà níbẹ̀, àti ìyá tó ń se oúnjẹ òwúrọ̀, àti arúgbó. Ẹni tó jù ú mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀."

"Kò sógun tí ọmọdé kì í kú nínú rẹ̀, màmá."

Bí ẹni ń sọ pé ó ṣeé ṣe kí òjò rọ̀ lọ́la ló ṣe sọ ọ́, ó sì gbé ife mu. Mo wo ètè rẹ̀ tí ohun mímu rin.

Nígbà tó lọ, àbúrò mi gbójú sókè. "Àǹtí mi, èmi náà kígbe o. Mo fẹsẹ̀ janlẹ̀ ju gbogbo wọn lọ."

"Ta ni ọ̀tá tìẹ?"

"Ẹni tó ta epo fún mi ni. Mo rí i bí bọ́ǹbù ṣe bọ́ lé ilé rẹ̀. Ó dùn mọ́ mi."

Ọkùnrin náà kò jìnnà sí wa. Ó ṣì ń ta epo lẹ́bàá ọ̀nà. Ìríra tí mo rò pé ti ṣọ́ọ̀ṣì ni, ó ti wà nílé mi.

"Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́?" ni mo bi í. "Ẹni tó gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá bá ọ nílé ìwòsàn, tó ń sunkún? Ìyá rẹ̀ tí ojú rẹ̀ ti fọ́ ńkọ́?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀wà. "Mi ò rò wọ́n mọ́ ọn."

Nínú gbogbo ohun tí mo gbọ́ lọ́sẹ̀ náà, èyí ló dẹ́rù bà mí jù. Wòlíì ní tirẹ̀ mọ̀ pé àwọn aláìṣẹ̀ wà níbi tí bọ́ǹbù ń bọ́ sí, kò kàn kà wọ́n sí ni. Àbúrò mi kò tiẹ̀ rántí wọn, bẹ́ẹ̀ iná ti jó òun fúnra rẹ̀.

"Ṣé kí n má bínú ni?" ó bi mí. "Ta ló bá mi mú un?"

Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó mú un.

Nígbà tó ṣe, ó wọ bàtà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ta epo náà. Mo tẹ̀ lé e. Ọkùnrin náà rí wa, ó yíjú sí àwọn kẹ́ẹ̀gì rẹ̀. Àbúrò mi ní, "Ẹ wò mí." Kò wò ó. Ìyàwó rẹ̀ gbé àga wá, àbúrò mi ò jókòó. Ìyá arúgbó náà bi wọ́n pé ta ló dé, ó na ọwọ́, ó sì bá ìka tó lẹ̀ pọ̀ náà pàdé. Ó fọwọ́ pa á títí, ó wá rọra bèèrè pé, "Ṣé ìwọ ni?"

"Èmi ni, mà."

Bí a ṣe ń rìn padà bọ̀, àbúrò mi yíjú sí mi. "Mi ò dárí jì í o. Àmọ́ mi ò fẹ́ kí ohun tó ṣe mí ṣe ẹnikẹ́ni nínú ilé yẹn."

"Òun náà ńkọ́?"

"Ẹ má tíì bi mí ní ìyẹn, àǹtí mi."

Mi ò padà sí ṣọ́ọ̀ṣì náà mọ́. Àbúrò mi ṣì ń lọ. Ó ní bí wọ́n bá ti dé orí àdúrà ọ̀hún, òun máa ń jókòó.