Mo Di Aláìsàn Ọkọ Mi

Dókítà ni ọkọ mi nílé. Ṣùgbọ́n ní Jẹ́mánì níbí, títí ìpínlẹ̀ yóò fi fún un ní Approbation, ìyẹn ìwé àṣẹ iṣẹ́ ìṣègùn, kì í ṣe dókítà. Hamburg ló ti bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀, nítorí náà Hamburg ló wà, tó ń tẹ̀lé àwọn dókítà kiri wọ́ọ̀dù. Èmi àti ọmọbìnrin wa wà ní Spandau, tó jìnnà sí ibẹ̀. Bí mo bá se ọbẹ̀, mo ṣì máa ń yọ ẹran tirẹ̀ sọ́tọ̀. Tó bá di ọjọ́ kejì, èmi náà ni màá jẹ ẹ́.

Ó ti kọ́kọ́ ṣe ìdánwò èdè tí wọ́n ń ṣe fún dókítà, ó sì fìdí rẹmi. Ìyá àgbà kan tó ń ṣe bí aláìsàn bi í pé, "Dókítà, ṣé jẹjẹrẹ ni?" Ọkọ mi ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, kò séwu, ó wá ń béèrè bóyá ọmọ wọn wà nítòsí. Wọ́n ní ó fi òtítọ́ pamọ́ fún aláìsàn. Nílé tiwa, ta ní í la irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ àgbàlagbà lójú? Àwọn ọmọ la ń pè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó tún un ṣe, ó pè mí lọ́sàn-án Sátidé kan.

"Ìyá ọmọ mi, jọ̀ọ́, ṣe aláìsàn fún mi."

Mo ń dirun fún ọmọ lọ́wọ́. Mo gbé fóònù sórí tábìlì, mo gbọn ohùn bí arúgbó. Ó ń fi èdè Jẹ́mánì yí ọ̀rọ̀ po, kò dárúkọ àìsàn náà.

"Dúró ná," mo ní. "Sọ ọ́ ní Yorùbá."

"Mà, ṣé ọmọ yín wà nítòsí?"

"Ṣó o rí i? Kì í ṣe Jẹ́mánì ló ń yọ ẹ́ lẹ́nu. Dókítà onítìjú!"

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, jàre. Ìyá mi ni mò ń rí."

"Ìyá ẹ kọ́ nìyí. Aláìsàn ni. Ó sì fẹ́ mọ̀."

Ó mí kanlẹ̀. "Mà, ohun tí a rí nínú ẹ̀dọ̀fóró yín kò dára. A fura pé jẹjẹrẹ ni. Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ máa dá a gbé. Mo wà pẹ̀lú yín."

Omijé ti bọ́ lójú mi kí n tó mọ̀. Ọmọ yíjú padà, ó fi Jẹ́mánì bi mí bóyá ara mi ò yá: "Mama, bist du krank?"

"Ara mi le. Bàbá ẹ ló ń kọ́ṣẹ́."

"Kí ló dé?" ọkọ mi béèrè. "Ṣé mi ò sọ ọ́ dáadáa ni?"

"O sọ ọ́ dáadáa. Tún èyí tó kẹ́yìn yẹn sọ."

Ó yege nínú ìdánwò èdè náà. Ṣùgbọ́n ìdánwò ìmọ̀ ìṣègùn ṣì kù, ìwé àṣẹ kò tíì jáde, Hamburg náà ló sì wà. Inú mi dùn sí i. Àárò rẹ̀ kò sì jẹ́ kí n gbádùn.

Lánàá, ọmọ bi mí pé ọjọ́ wo ni Papa máa wá bá wa gbé. "Láìpẹ́" ti dé ẹnu mi, mo gbé e mì. Mo fà á jókòó sórí ẹsẹ̀ mi.

"Mi ò mọ̀," mo ní. "Mi ò tíì mọ̀."