Sangwe àti Ọ̀rọ̀ Tí Kò Gbọdọ̀ Sọ

Ọjọ́ tí olóògbé Sangwe bẹ́ sódò taṣọ-taṣọ la fi ń rántí rẹ̀ jù ní Arume, abúlé wa. Olùkọ́ Geua, tó wá láti yunifásítì ní Moresby, olú-ìlú, ti wọ ọkọ̀ ojú omi, ó ń lọ. Arúgbó tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ń lúwẹ̀ẹ́ tẹ̀lé e, àpò búáì, èso tó máa ń jẹ lẹ́nu bí obì, wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń pariwo: “Dá ìwé yẹn padà! Èyí tó wà níbẹ̀ kì í ṣe tiwa!”

Geua fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ ìyá kan náà ni èdè Arume àti ti Sibai àti Wokem, àwọn abúlé tó múlé gbè wá. Gbogbo ohun tó ní lórí Arume kò ju ọgọ́ta ọ̀rọ̀ tí òyìnbó kan kọ sílẹ̀ láyé àtijọ́, ikán sì ti jẹ ìdajì rẹ̀. Àwọn méjì péré ló ṣẹ́ kù tó ń sọ ọ́ dáadáa: Sangwe àti Yimbik, ìyàwó rẹ̀. Sangwe ní òun nìkan tó. Ẹni tó máa ń fi Arume bá rédíò jà pé kí ló dé tí kò dáhùn, ta ni yóò gbà kó bá òun pín iṣẹ́?

“Bàbá, kí lẹ̀ ń pe omi?”

Sangwe wúkọ́, ó dìde, ó tún jókòó, kó tó sọ ọ́.

“Iná ńkọ́?”

Ẹ̀ẹ̀mejì ló yí ilé po kó tó dáhùn. Bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀ nìyẹn títí iṣẹ́ fi parí.

Ìgbà tí ọkọ̀ ṣí tán ni Geua ń ka ìwé rẹ̀ sókè. Ọmọ Sibai lawakọ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín: “Háà! Èdè wa mà nìyí! Ẹ̀yin ará Arume, ọmọ wa ni yín, ẹ kàn ń ṣakọ ni!” Sangwe, tó ń wò wọ́n létí odò, ò dúró gbọ́ ìyókù.

Wọ́n fà á sínú ọkọ̀, omi ń ro tó-tó-tó lára rẹ̀.

“Bàbá, ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún mi?”

“Kí ni ǹ bá ṣe? Ohun tí à ń pe omi gan-an lorúkọ ìyá ìyàwó mi! Iná, orúkọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni. Èèwọ̀ ni, mi ò gbọdọ̀ dárúkọ àna. Mo bá yá ti Sibai lò.”

“Kí ló dé tẹ́ ò wí?”

“Kí n ní mi ò lè pe omi lédè bàbá mi? Ojú ń tì mí, ọmọ mi.”

Ọkọ̀ padà sétí odò. Lọ́jọ́ kejì, Sangwe àti Yimbik jókòó sórí ẹní kan. Èyí tí ọkọ ò lè pè, ìyàwó pè é. Èyí tó jẹ́ orúkọ àna ìyàwó, ọkọ fi ohùn rara kéde rẹ̀.

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀yin nìkan tó!” Yimbik ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Geua kà á, ó tún un kà. “Ọmọ ìyá ni ẹ̀yin, Sibai àti Wokem, Bàbá. Ẹ kì í ṣe ọmọ Sibai.”

“Ta wá ni ẹ̀gbọ́n?”

“Ọ̀rọ̀ tá a ní ò tíì tó láti mọ̀ ọ́n.”

“Ṣáà kọ àwa síbẹ̀. Tó bá tó tán, wàá rí i pé àwa náà ni.”

Nígbà tí Geua padà wá parí iṣẹ́ lọ́dún kejì, Sangwe ti lo oṣù méjì nínú ilẹ̀. Yimbik nìkan ló jókòó sórí ẹní. Ó ń dáhùn wéréwéré, títí Geua fi bi í ní ohun tí wọ́n ń pe òjò. Orúkọ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ni. Ó mirí pé rárá.

Ẹnì kan nínú wa ní, “Ìyá, ọkọ yín ti kú, ẹ sọ ọ́ jàre. Kò sẹ́lòmíràn tó mọ̀ ọ́n mọ́.”

“Ṣé torí ó kú ni mo fi fẹ́ ya aláìlẹ́kọ̀ọ́?”

Geua rọra gbé kálámù kúrò lórí ìwé. Yimbik na ọwọ́, ó fi ìka tẹ àyè tó ṣófo náà.

“Má fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọkọ mi mọ̀ ọ́n.”