Anpilifáyà Tó Gbé Ohùn Ìyá Mi

Sípíkà méjèèjì ga tó ilẹ̀kùn, wọ́n sì pẹlẹbẹ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kó wọn ti òkè òkun dé ilé wa ní Ìkẹ́rẹ́, aládùúgbò kan bèèrè bóyá ilé tuntun la fẹ́ kọ́. Ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n tẹ́ wáyà sí lára ló wà nínú wọn, pẹ̀lú mágínẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ike náà ló ń gbọ̀n tí ohùn fi ń jáde.

Bàbá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ni mo ń du nǹkan yìí fún. Etí rẹ̀ ti ń kú lọ díẹ̀díẹ̀, dókítà sì ti ní kò ní pẹ́ dí pátápátá. Orin tí ìyá mi dá ní ṣọ́ọ̀ṣì kí ó tó kú wà lórí fóònù mi, bàbá sì fẹ́ gbọ́ ọ dáadáa kí etí tó lọ.

Èmi ọ̀mọ̀wé bá lọ sí Àkúrẹ́, mo ra anpilifáyà tí wáàtì, ìyẹn iye agbára tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, pọ̀ jù lọ. Lọ́dọ̀ wa, èyí tó bá ń mi páànù ilé là ń pè ní gidi. Nígbà tí mo so ó mọ́ àwọn sípíkà náà, ohùn ìyá mi dà bíi ti ẹni tó di imú. Bí orin sì ti fẹ́ ròkè, ẹ̀rọ gbóná, ó kú. Bàbá ní òun ò mọ ẹni tó ń kọrin. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra.

Ẹ̀gbọ́n mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí fóònù títí. Ó ní sípíkà wọ̀nyí ń fa iná púpọ̀, kí n yéé ka wáàtì, kí n wá anpilifáyà tí kì í rẹ̀ bí wọ́n bá ń fa iná lára rẹ̀. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo padà lọ, mo rí ògbólógbòó kan tó wúwo débi pé ọlọ́kadà kọ̀ láti gbé e.

Nígbà tí a tàn án, n kò gbọ́ ariwo rárá. Ìyá mi kọ́kọ́ mí sínú, ó wá gbé orin, ohùn rẹ̀ sì dúró láàrin pálọ̀ bí ìyá mi ṣe ga gan-an. Bàbá ń wo ọ̀kánkán, ó ní jẹ́jẹ́ pé:

“Gbé ujókòó wá fún yèyé rẹ.”

Mo gbé e wá.

Etí bàbá ti dí pátápátá báyìí. Síbẹ̀, ó máa ń ní kí n tan orin náà fún òun. Á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara sípíkà, á di ojú. Mo ti kàwé púpọ̀ láyé, n kò tíì rí ohun tí mo lè pe èyí: ibi tí ìyá mi bá ti mí nínú orin náà, ibẹ̀ gan-an ni bàbá náà ti ń mí.