Ẹni Tó Ń Pe Ọkọ Mi Ní Ìwọ

Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn sìmẹ́ńtì tútù, Jikwoyi ni ọkàn mi ń lọ, sí yàrá méjì tí a háyà nígbà tí Àbújá ṣì ń di ìlú lọ́wọ́. Ọkọ mi ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, ẹ̀wù rẹ̀ ló ń gbé òórùn náà wọlé. Èmi ń ránṣọ lábẹ́ fèrèsé. Ọmọ Òkun ni ọkọ mi, láti apá Kàbà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ lèmi. Ìlọrin la ti pàdé lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Ó jagun náà, àwọn ọ̀tá sì mú un, wọ́n fi í sí àhámọ́ títí ogun fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: "Wọ́n mú wa, wọ́n sì tú wa sílẹ̀." Bí mo bá bi í síwájú sí i, á ní kí n jọ̀ọ́ fún òun lómi. Omi tí mo bù nítorí ogun yẹn, á kún àgbá. Èyí tí kò fẹnu sọ, ara rẹ̀ ń sọ ọ́: àpá wà ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, kì í sì í jẹ́ kí a ti ilẹ̀kùn kankan nínú ilé, ìbáà ṣe ìgbà ọyẹ́, ìbáà ṣe ìgbà òjò.

Ọ̀sán Sátidé kan ni obìnrin náà dé láti Bwari. Olùkọ́ ni, ó gbé iṣu mẹ́ta dání. Nípàdé àwọn ọmọ Òkun ló ti gbọ́ pé ọkọ mi wà nítòsí. Ó kí mi dáadáa, ó pè mí ní ìyàwó, ó wá yíjú sí ọkọ mi, ó ní, "Ìwọ ni mo ti ń wá látọjọ́ yìí." Abẹ́rẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gún mi níka. Èmi tí mo bímọ mẹ́ta fún un, "ẹ̀yin" ni mo ń pè é, kódà bí a bá ń jà. Èdè wọn ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ lọ, mi ò gbọ́ ju ìdajì lọ, ṣùgbọ́n gbogbo "ìwọ" inú ẹ̀ ni mo gbọ́. Ọkọ mi tí kì í sọ̀rọ̀ wá sọ̀rọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí obìnrin náà lọ, mo bèèrè ẹni tó jẹ́. Ó ní ará ìlú òun ni, kí n jọ̀ọ́ bá òun bu omi.

Ó tún wá ní Sátidé kejì, ó wá ní ìkẹta. Wọ́n ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Tèmi gbẹ débi pé mo ní láti dín búláòsì mi kù. Mò ń fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ kí wọ́n lè rò pé iṣẹ́ ni mò ń ṣe, mo sì ń dá a dúró láti fetí sílẹ̀. Aṣọ oníbàárà kan wà lọ́wọ́ mi nígbà náà, apá òsì ni mo rán sí ọ̀tún. Ní Sátidé kẹrin, mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn yàrá dún. Ọkọ mi ti tì í. Ilẹ̀kùn tí kò jẹ́ kí n tì nígbà tí mò ń rọbí àbígbẹ̀yìn wa, ó tì í nítorí obìnrin yìí.

Èjìká ni mo fi ṣí i. Obìnrin náà jókòó lórí àpótí, omijé ń wọ́ lójú rẹ̀. Ọkọ mi wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ká ọwọ́ sórí itan bí ẹni tó gbé orí ènìyàn síbẹ̀. Ojú rẹ̀ kì í ṣe ojú tí mo mọ̀. Ó yẹ kí n padà sẹ́yìn, owú kò jẹ́. Mo kọjú sí obìnrin náà, mo ní, "Nínú ilé yìí, ẹ̀yin là ń pe bàbá àwọn ọmọ mi."

Ó nu ojú rẹ̀. "Ìyàwó," ó ní, "bàbá tó bí mi lọ́mọ, ìwọ ni mo ń pè é. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé wa nìyẹn."

Ó wá sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n òun wà ní àhámọ́ pẹ̀lú ọkọ mi, pé orí itan rẹ̀ ló kú sí, àti pé ìyá àwọn ló ní kí òun lọ bèèrè bó ṣe kú. Ojú tì mí gan-an. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo dé ìlú ọkọ mi, èdè tèmi sì ni wọ́n fi ṣe mí lálejò. Ibo ni mo ti fẹ́ mọ̀ pé wọn kì í fi ẹ̀yin pe àgbà?

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé owú náà tán síbẹ̀. Bó bá jẹ́ àlè ni, mo mọ bí mo ṣe máa lé e. Ẹni tí ọkọ mi sọ àṣírí fún, èyí tó fi pa mọ́ fún èmi látọjọ́ tó ti fẹ́ mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ lé e? Mo bẹ ọkọ mi pé kó sọ fún èmi náà. Kò bínú. Ó ní, "Ibì kan ṣoṣo ló kù fún mi láyé tí ogun yẹn kò tíì dé. Ọ̀dọ̀ rẹ ni." Ẹlòmíràn á yọ̀. Èmi sunkún, n kò sì bá a sọ̀rọ̀ fún odindi ọjọ́ méjì.

Ó lo ọdún díẹ̀ sí i, ó kú kí wọ́n tó parí ìlú tó bá wọn ṣọ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, olùkọ́ náà wá láti Bwari, ó jókòó tì mí. Ó ní bí mo bá fẹ́, òun á sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, òun ò ní fi nǹkan kan pa mọ́, torí ó yẹ kí opó mọ ẹni tí òun sin. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń jowú láti àwọn ọdún yẹn wá, ó wà lẹ́nu rẹ̀. Ó wù mí gan-an láti gbọ́ ọ.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́."

Ó bi mí pé kí ló dé. Mo ní bó bá sọ ọ́, ogun náà ti dé ibi tó kù nìyẹn, ọkọ mi ò sì sí nílé mọ́ láti lé e. Mo ṣì ń jowú rẹ̀ dòní, n kò sì tíì bèèrè.