Ojú Tíṣà Nínú Òbìrìkítí

Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí ojú Tíṣà Abdulfatai ti fọ́. Fóònù rẹ̀ ló máa ń ka ọ̀rọ̀ sókè fún un. Lọ́dọọdún, ìjọba á ní kí àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ya fọ́tò ojú wọn sórí ìkànnì, kó lè dájú pé wọn ò tíì kú. Òbìrìkítí kan á yọ, ojú èèyàn gbọ́dọ̀ bọ́ sínú rẹ̀ géérégé, fóònù ò sì ní sọ ibi tó wà. Ẹni tó ṣe ìkànnì yẹn ò tiẹ̀ rò ó pé tíṣà lè fọ́jú! Munawwarah, ìyàwó rẹ̀, ló máa ń di àgbọ̀n rẹ̀ mú, á yí i síhìn-ín, á yí i sọ́hùn-ún, á ní, "Tíṣà, ẹ má mira."

Kí àwẹ̀ ọdún yìí tó wọlé ni wọ́n sin Munawwarah. Nígbà tí àsìkò fọ́tò tún dé, Tíṣà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn ní Ọ̀sí, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ di àgbọ̀n mú, ó ń yí i bí ìyàwó rẹ̀ ti máa ń yí i, títí ladani fi pe ìrun Àsárì.

Fóònù ní òun ò rí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

"Irọ́ lò ń pa!" Tíṣà pariwo mọ́ ọn. "Ó ṣì ku èmi."