Ewé Tí A Ń Já Láìsọ̀rọ̀

Ó rẹ̀ mí. Kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Ọdún kejì rèé tí mo ti ń gbé ìyá mi dìde, tí mo ń gbé e jókòó, tí mo ń wẹ̀ ẹ́, tí mo ń bu ẹ̀kọ sí i lẹ́nu, tí mo sì ń nu èyí tó ṣàn jáde. Àwọn tó bá wá kí wa a ní ìyá ni wúrà. Bẹ́ẹ̀ ni, wúrà sì wúwo. Mo máa ń ṣe àmín sí àdúrà wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ló ń dùn mí.

Ọjọ́ ọjà Igolo ni rọpárọsẹ̀ kọ lù ú, nídìí ata gbígbẹ tó ń tà. Ó mú apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì mú ẹnu, ẹnu tó máa ń bá àwọn dúánì tó ń ṣọ́ ibodè jiyàn títí wọn ó fi rẹ́rìn-ín tí wọn ó ní kó máa lọ. Ilé ìwòsàn ní Àjàṣẹ́ ṣe èyí tí wọ́n lè ṣe. Wọ́n ní apá lè padà, pé ti ọ̀rọ̀ sísọ, àfi ká máa wo ọwọ́ Ọlọ́run. Ọkọ mi ti kú, àwọn ọmọ mi ti dàgbà, nítorí náà èmi ni gbogbo ẹbí nàka sí. Mo fi iṣẹ́ ìtẹ̀wé mi sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, mo sì padà sí Ifangni.

Ti apá kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Mo ní apá méjì, mo lè yá a ní ọ̀kan. Ohùn rẹ̀ ni mo ń wá. Ẹ̀yin tí ìyá yín ń bú yín lójoojúmọ́, ẹ kò mọ ohun tí ẹ ní. Láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, èmi nìkan ni mo ń sọ̀rọ̀ nínú ilé náà, tí mo ń béèrè, tí mo sì ń dá ara mi lóhùn. Mo lọ́rọ̀ lẹ́nu láti kékeré, wọ́n tilẹ̀ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nílé pé bí mo bá sùn, ẹnu mi a ṣì máa ṣiṣẹ́. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ tán nínú mi.

Aládùúgbò wa kan ló júwe ìyá àgbà kan ní Ko-Koumolou tó mọ ewé fún mi, ó sì jókòó ti Màmá kí n lè lọ. Mo rò pé n ó bá ìgò àti àgúnmu tó kún inú yàrá. Àgbàlá kan ṣoṣo ni mo bá, tí ewé kún bí ilé ìwé ọmọdé ṣe ń kún. Mo ń ròyìn Màmá fún un, ó ń wo ojú mi.

Ó ní, "Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ni ara rẹ̀ kò yá?"

Mo ní, "Màmá ni, Ìyá."

Ó ní, "Bon. Wá jókòó síbí, madame."

Ó fi mí jókòó sílẹ̀ níwájú patanmọ́, ewé kékeré ẹlẹ́gùn-ún tó máa ń pa ara rẹ̀ dé bí èèyàn bá fọwọ́ kàn án. Ó ní kí n fọwọ́ kàn án. Mo fọwọ́ kàn án, ó pa dé. Ó ní kí n jókòó tì í títí yóò fi là, kí n má sọ̀rọ̀, kí n máa mí jẹ́jẹ́, kí n má ronú kan ohun tó wà nílé. Mo ní, "Ìyá, mo fi aláìsàn sílẹ̀ wá o!" Ó ní ṣé ẹni tó wà lọ́dọ̀ aláìsàn kò lójú ni. Inú bí mi. Mo jókòó, mo ń wo ewé bí òmùgọ̀. Nígbà tó yá, ó là. Mo fẹ́ dìde, ìyá àgbà ní, "Tún fọwọ́ kàn án."

Báyìí la ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo ń lọ, aládùúgbò wa a sì jókòó ti Màmá. Ìyá àgbà a gbé ewé kan sí mi lọ́wọ́, a ní kí n dijú. N ó fọwọ́ pa á, n ó gbóòórùn rẹ̀, n ó máa mí títí ọkàn mi yóò fi wálẹ̀. Ìgbà tí mo bá lajú tí mo sọ ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni yóò tó sọ iṣẹ́ tí ewé náà ń ṣe. Efinrin fún inú tó ń run. Ewúro fún ibà. Òdúndún tó tutù, tí a ń fún omi rẹ̀ sí orí tó ń gbóná. Ewé lárà, tí a ń yá lórí iná, tí a ń fi àdí pa, tí a ń fi wé apá tó kú. Ìyẹn ni mo ń fi wé apá Màmá, ìka rẹ̀ méjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo ra cahier, mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé cahier ni yóò gbo ewé náà.

N kò ní purọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo máa ń sùn lọ lórí ìjókòó, pẹ̀lú ewé lọ́wọ́. Ìyá àgbà kò jí mi rí. Oorun àgbàlá yẹn nìkan ni oorun gidi tí mo sùn lọ́dún náà.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó sọ fún mi nípa ewé tí wọ́n ń lò fún ẹni tí ohùn rẹ̀ sá lọ. N kò ní kọ orúkọ rẹ̀ síbí, mo ti ṣèlérí. Òwúrọ̀ méje tẹ̀léra la ń já a, kí ìrì tó gbẹ, tí a ń sè é fún aláìsàn mu. Láti ìgbà tí a bá ti kí ewé náà, tí a sì já a, títí a ó fi dà á sínú omi tó wà lórí iná, ọ̀rọ̀ kankan kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu ẹni, ẹni yòówù kó kí ni. Bí a bá sọ̀rọ̀, a ó da ewé ọjọ́ náà nù, a ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀kan. Ó ní òun kò ṣèlérí o, pé ewé ń ṣiṣẹ́, Ọlọ́run ló ń wo aláìsàn sàn.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, ẹni tó kọjá lára àgbà láìkí i ti bú ìran onítọ̀hún. Ewé náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Banigbé, ọ̀nà tí gbogbo àgbẹ̀ ń gbà lọ sóko. Lọ́jọ́ kìíní, mo pàdé lèmọ́mù tó ń bọ̀ láti ìrun àsùbáà. Ó kí mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo kúnlẹ̀, mo dìde, mo sì ń bá tèmi lọ. Kí oòrùn tó mú, wọ́n ti ń sọ ọ́ káàkiri pé Àjàṣẹ́ ti ba ọmọ náà jẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, bàbá àgbẹ̀ kan ní, "Ẹ ò jí ire?" Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti ní, "A dúpẹ́, Bàbá." Mo da ewé nù sínú igbó, mo sì sunkún títí mo fi délé.

Mo tún un bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, etí ìborùn mi ni mo ń fi sáàárín eyín, tí mo ń gé mọ́ ọn gírígírí. Ẹni tó bá fẹ́ kó pè mí ní wèrè. Ọjọ́ kìíní pé, ìkejì pé, ó di márùn-ún.

Lọ́jọ́ kẹfà, mo wọlé pẹ̀lú ewé tí mo so mọ́ etí aṣọ. Mo ti dá iná sílẹ̀ kí n tó jáde, omi ń hó nínú àgbàlá, fèrèsé Màmá sì ṣí sílẹ̀. Bí mo ṣe ti ilẹ̀kùn àgbàlá, ohùn kan jáde láti inú yàrá. Ó wúwo, ó ń fà, bí ohùn ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀.

Ó ní, "Ìwọ nì yẹn?"

Mo mọ ohùn náà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń bi mí nígbà tí mo bá ti iléèwé dé. Ẹnu mi là, mo sì tún un pa dé. Ìkòkò kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́fà lọ síbi tí mo wà. Mo rò ó lọ́kàn mi pé ó ti ń ṣiṣẹ́, má bà á jẹ́, ó ku ọ̀la péré. Mo sáré lọ sídìí iná. Kókó aṣọ náà kọ̀, kò tú.

Màmá tún ní, "Ta ni?" Lọ́tẹ̀ yìí, ohùn náà ti lọ sílẹ̀.

Mo fi eyín tú kókó náà, mo da ewé sómi, mo sáré wọlé, mo ń pariwo pé, "Èmi ni, Màmá! Èmi ni!" Ojú rẹ̀ ṣì wà lára fèrèsé, ibi tó ti ń wò mí nídìí iná. Omijé ti ṣàn dé àgbọ̀n rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, mo ní kó tún bi mí. Kò sọ nǹkan kan. Mo já ti ọjọ́ keje, mo sè é, mo fún un mu. Oṣù kẹrin nìyí, kò tíì tún sọ nǹkan kan.

Tìbínú-tìbínú ni mo fi lọ sí Ko-Koumolou. Mo ní, "Mo pa òfin yín mọ́, Ìyá. Mi ò sọ̀rọ̀." Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un.

Ó ní, "Kí lo torí ẹ̀ ń já ewé?"

"Nítorí ohùn Màmá ni."

"Ohùn pè ọ́, o ń tọ́jú ewé." Ó fọwọ́ bo ojú rẹ̀. "Èmi ni mo jẹ̀bi, ọmọ mi. Tí ohun tí à ń wá bá ti dé, a máa ń ju ewé nù ni. Mi ò sọ fún ọ. Mo rò pé kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n."

Mo fẹ́ kó bú mi. Kò bú mi. Mo ṣì ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, mo ṣì ń kọ́ ewé, ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí mo fi ń kọ́ ọ ti dín kù. N kò tíì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mìíràn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Cotonou máa ń pè mí lórí fóònù. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ó bi mí pé, "Ṣé Màmá ti sọ nǹkan kan?"

Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ni mo jókòó sí, mo di ọwọ́ Màmá mú. Mo ní, "Pas encore, ẹ̀gbọ́n mi. Kò tíì sọ nǹkan kan rí."

Màmá yí ojú sí mi. Kò sí ohun tó ṣe etí rẹ̀.