Àwọn Orúkọ Tí Ìyá Rúlà Fàlà Sí

Ó fi ahọ́n kan orí ìka rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó nù ún sí ẹ̀gbẹ́ aṣọ, ó wá ṣí ìwé ńlá náà síbi tó yẹ gan-an, láì wá a.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lobìnrin yìí ti fi ṣiṣẹ́ ní yàrá tí wọ́n ń kó ìwé orúkọ ará ìlú sí. Ìyá Rúlà ni wọ́n ń pè é, nítorí kò fa ìlà kan tó wọ́ rí. Iṣẹ́ wọn kò ní àdììtú: ẹni tó bá kú, wọ́n á fi yíǹkì pupa fàlà sórí orúkọ rẹ̀, ẹni tó bá kó kúrò nílùú, yíǹkì búlúù.

Ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, tó ti fẹ̀yìn tì, jókòó kọjú sí i. Ó ti gbé ìwé tuntun àti gègé búlúù kalẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà ogun ti wà ní gbọ̀ngàn tó wà lódìkejì títì. Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀ wá gbé ìwé.

"Àbúrò, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ ni wọ́n mọ̀. Ṣáà dà á kọ sínú tuntun yìí, ní búlúù. Àwọn ará òdìkejì odò kó lọ ni."

"Wọ́n kó lọ síbo, ọ̀gá?"

"Ṣé èmi ni mo bá wọn di ẹrù?" Ó rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló rín in.

"Bàtà wọn wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí a lọ ka ilé. Gbogbo wọn ló fẹsẹ̀ lásán kó lọ?"

"Ogun ni! Tí a bá sùn lọ, àwọn ni ì bá pa wá. Ẹni tó sì ti kú ti kú, kí la tún ń tú u wò sí?"

"Kú kẹ̀? Ẹ ní wọ́n kó lọ."

Ìyá Rúlà fi ìka lé ìsàlẹ̀ ojú ìwé, níbi tí akọ̀wé máa ń kọ ọjọ́ àti aago tó fàlà.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́jọ àárọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà làwọn ṣọ́jà tó débẹ̀. Ẹ̀yin lẹ gbé orúkọ wá, ẹ ní ká tètè ṣe é kí iṣẹ́ má baà pọ̀ jù lọ́la. Mo fa pupa sórí èèyàn tó ń fọ abọ́ lọ́wọ́."

Kò béèrè nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn pé nínú ẹgbẹ̀ta ìlà, kò sí ọ̀kan tó wọ́. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń sọ fún ara rẹ̀ pé rúlà kì í pa èèyàn.

"Orúkọ ta ló wà nísàlẹ̀ ibẹ̀?" Ohùn ọ̀gá ti rẹlẹ̀.

"Tèmi."

"Ìwọ ni wọ́n máa gbé, àbúrò. Èmi ò fàlà kankan."

"Mo mọ̀. Ẹ ò fàlà rí láyé yín. Ẹ kàn máa ń dúró sẹ́yìn ẹni tó ń fà á ni."

"Ṣé orí ẹ pé ṣá?"

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pé ni."

Ó pa ìwé dé. Ọ̀gá na ọwọ́ lé e gbá-à. "Jókòó! Èmi ni mo gbà ẹ́ síṣẹ́!"

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ẹ gbọ́wọ́ yín kúrò."

Obìnrin náà kò pariwo. Ọkùnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí, ó gbé e kúrò.

Ìyá Rúlà gbé ìwé náà mọ́ àyà, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ní etí títì, ó dúró kí ọkọ̀ akóyanrìn kan kọjá. Ó wọ títì, ó sì kọrí sí gbọ̀ngàn.